Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò bọ́ọ̀lù ọmọdé ní Ìkòròdú: ọmọ tó bá fi orí gbá ẹlòmíràn tàbí ilẹ̀, ẹ má dá a padà sórí pápá

Sí Alága àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé lásìkò họlidé, sí ẹ̀yin tí ẹ ni akádẹ́mì, àti sí gbogbo kóòṣì tó ń kó ọmọ wá sórí pápá láti Èbúté dé Ìgbógbò.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró nínú oòrùn.

Èsì tí ẹ fún àwa òbí ní ìpàdé tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. A bẹ̀ yín pé kí ẹ fi òfin kan kún òfin ìdíje tó ń bọ̀: ọmọ tó bá fi orí gbá ẹlòmíràn tàbí ilẹ̀, tí ìṣe rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì, kó kúrò lórí pápá, kó má sì padà wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kò ṣeé ṣe. Ẹnì kan nínú yín ní eré ọkùnrin ni bọ́ọ̀lù, pé a fẹ́ sọ àwọn ọmọ di àkẹ́bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní bí a bá ń yọ gbogbo ẹni tó fi orí gbá, ta ni yóò kù lórí pápá? Ẹnì kẹta ní àfi bí fọ́tò ọsibítù bá fi hàn pé nǹkan ṣe ọmọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó jẹ́sì.

Mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje yín, ẹ̀yìn ló ń dì mú. Èmi náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ayọ̀ mi kò sì kéré nígbà tí Ikorodu City gòkè wọ NPFL, líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, lọ́dún 2024. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé obìnrin tí kò mọ bọ́ọ̀lù ló ń sọ̀rọ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú ìdíje ọdún tó kọjá. Wọ́n gbá kọ́nà, ọmọ ọdún 13 kan àti òmíràn tó ga jù ú lọ fò sí bọ́ọ̀lù kan náà. Orí pàdé orí. Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gbọ́ ìró rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 yìí ṣubú láì fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Apá rẹ̀ kan le gan-an, ó nà sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó rọ̀. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí mọ̀ pé ọpọlọ ló gba ìyà yẹn. Mo sáré wọlé, wọ́n ní kí n jáde, pé òbí kò láṣẹ lórí pápá. Wọ́n já omi ọ̀rá, wọ́n dà á sí i lórí, wọ́n fi rọ́ọ̀bù ra iwájú orí rẹ̀, kóòṣì gbá a léjìká: "Ọkùnrin ni ẹ́, dìde." Ó dìde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tó padà wọlé tó ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú ilé wo làwọn ń gbá sí. Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín.

Ó bì nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà ni tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé pé ó ń sùn ní kíláàsì, pé ìṣirò tó máa ń ṣe kíákíá tẹ́lẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lórí mọ́, pé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pariwo, ńṣe ló ń fọwọ́ di etí. Ìyá rẹ̀ rò pé ayé ló ń ṣe é, ó gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àdúrà. Ohun tó ká mi lára ni pé kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà tó sọ fún obìnrin yìí pé ọmọ rẹ̀ fi orí gbá. Ìgbà tó gbé e wá síbi iṣẹ́ wa ni mo dá a mọ̀, ẹnu mi ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

2. Ohun tó ṣe ọmọ yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní concussion: kí ọpọlọ mì nínú agbárí débi pé iṣẹ́ rẹ̀ dàrú. Bí èèyàn bá mi àgbọn, èèpo rẹ̀ kì í fọ́, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ yóò rú. Kò di dandan kí orí bẹ́ tàbí kó wú. Kò tiẹ̀ di dandan kí wọ́n gbá a lórí gan-an, nítorí èjìká tó kọlù ú láyà, tí orí rẹ̀ fi fì síwá sẹ́yìn, lè ṣe é. Ẹ sì má ṣe dúró dìgbà tí ọmọ bá dákú kí ẹ tó gbà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ọpọlọ wọn mì báyìí lórí pápá, ẹni tó máa ń dákú kò tó ẹyọ kan.

Ohun tí ẹ máa rí nìyí: ojú á ṣófo, á máa wò suu. Ẹsẹ̀ kò ní rinlẹ̀ dáadáa, òòyì á máa kọ́ ọ. Á dáhùn ìbéèrè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Á ní orí ń fọ́ òun, ìmọ́lẹ̀ ń dun òun lójú, inú ń rú òun. Òmíràn á kàn máa sunkún tàbí bínú láìnídìí. Àwọn àmì yìí sì lè má yọjú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè fara pamọ́ di alẹ́, tàbí di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì kò fi lè wo ọmọ fún ìṣẹ́jú méjì kó ní "kò sí nǹkan tó ṣe é."

3. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí, nítorí òun ló ń kó àwọn òbí lówó lọ, òun náà ló sì ń tan àwọn kóòṣì jẹ. Ìyá á yá owó, á gbé ọmọ lọ ya fọ́tò orí, wọ́n á ní ó mọ́, lọ́jọ́ kejì kóòṣì á ní kó wọ búùtù rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: eegun ni X-ray ń wò. CT scan ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú agbárí tàbí bóyá agbárí sán. Ọpọlọ tó mì kì í sábà hàn nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ lè ní fọ́tò tó mọ́ tónítóní kí ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìdààmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á béèrè bí ó ṣe ṣubú, á yẹ ìrántí rẹ̀ wò, á ní kó ka oṣù sẹ́yìn láti December, á wo bó ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á wo ojú rẹ̀, á bi òbí léèrè bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń hùwà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní kí wọ́n má ya fọ́tò o. Bí ọmọ bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tàbí tó ń ta á ṣínṣín, bó bá ń rí nǹkan kan ní méjì, bí ọrùn bá ń dùn ún, bó bá ń sún lọ sínú oorun tí kò ṣeé jí i, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni fọ́tò ti ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń dá ọmọ padà sórí pápá.

4. Ẹ ní ẹ kì í ṣe dókítà, òótọ́ ni. Àwọn ògbógi tó pàdé ní Amsterdam lọ́dún 2022 ti ṣe ìwé kékeré kan, Concussion Recognition Tool 6, fún ẹni tí kì í ṣe dókítà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè wà á jáde sórí fóònù. Àwọn ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kò le. Ní èdè wa, báyìí la lè béèrè wọn: Pápá wo la wà yìí? Ìdajì wo nínú eré la wà? Ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé kẹ́yìn? Ẹgbẹ́ wo lẹ bá gbá kẹ́yìn? Ṣé ẹ̀yin lẹ borí? Fún àwọn tó kéré gan-an, ẹ béèrè orúkọ tíṣà wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun ọ̀sán. Ọmọ tó bá ṣi ẹyọ kan dáhùn, kó jáde. Ọmọ tó bá gba gbogbo rẹ̀ tí ẹ ṣì ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀, kóun náà jáde. Ìbéèrè yìí ń yọ ọmọ kúrò ni, kì í dá a padà.

5. Ẹ ní ọmọ fúnra rẹ̀ á sọ bí kò bá lè gbá mọ́. Kò ní sọ! Ó mọ̀ pé àwọn tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ ńlá lè wà lẹ́bàá pápá lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé bó bá jáde, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó jókòó ní ọ̀lẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún un pé nǹkan ṣe é, òun náà ló dàrú.

Ẹ rántí àṣekágbá World Cup ọdún 2014, Jámánì àti Ajẹntínà, ní Maracanã. Èjìká Ezequiel Garay ti Ajẹntínà gbá Christoph Kramer ti Jámánì lójú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Ó ń sáré kiri títí di ìṣẹ́jú 31. Láàárín ìgbà yẹn ló lọ bá rẹfirí, Nicola Rizzoli, ó bi í bóyá àṣekágbá nìyí. Rẹfirí rò pé ó ń ṣàwàdà ni, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ pé òun nílò láti mọ̀. Rẹfirí lọ sọ fún Bastian Schweinsteiger, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó yọ ọ́. Àgbàlagbà nìyẹn o, níwájú gbogbo ayé, tí dókítà orílẹ̀-èdè rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ wá ń retí pé kí ọmọ ọdún 12 láti Ìtamàga ṣe ìdájọ́ ara rẹ̀.

Victor Osimhen, ọmọ Èkó, tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣe àwòkọ́ṣe, ìbòjú rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Kóòṣì wo ló ti sọ fún wọn pé ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tó ṣubú fi orí gbálẹ̀ nínú eré Napoli, ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ní Ítálì, pẹ̀lú Atalanta, ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ tààrà?

6. Fífi orí gbá lẹ́ẹ̀kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ. Bí orí bá tún gbá nígbà tí ọpọlọ kò tíì bọ̀ sípò, ọpọlọ lè wú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń ṣe, ẹni tó bá sì ṣe kì í sábà yè é. Lọ́dún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 kan fi orí gbá nínú eré bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, wọ́n dá a padà sínú eré kan náà, ó ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣí agbárí rẹ̀ kó tó yè, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi tún kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti rírìn. Lọ́dún 2009 ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin nítorí rẹ̀: kí wọ́n la òbí àti ọmọ lọ́yẹ̀, kí wọ́n yọ ọmọ tí wọ́n fura sí, kó má padà láìsí ìwé oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta la fẹ́ dúró dè kí àwa tó ṣe tiwa?

7. Ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n wà nínú ìdíje àwọn tí kò tíì pé ọdún 13, gbogbo wa mọ̀, a dákẹ́. Orí pàdé orí, orí pàdé ìgbọ̀nwọ́, orí pàdé ilẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjàǹbá yìí ti ń wá nínú bọ́ọ̀lù wa, ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ. Ọrùn ọmọ ọdún 12 kò tíì lágbára tó láti gbé orí rẹ̀ dúró bí ẹni ọdún 17 bá fò lù ú. Nígbà tí FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ ọjọ́ orí wọn ní World Cup U-17 ọdún 2009, nílẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ni jẹ ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Ní tèmi, agbárí ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi rẹ́ni jẹ.

8. Nípa fífi orí kan bọ́ọ̀lù: Amẹ́ríkà ti dá àwọn ọmọ ọdún 10 àti àwọn tó kéré sí wọn dúró láti ọdún 2015. Láti oṣù Kejì ọdún 2020, England, Scotland àti Northern Ireland ti ní kí wọ́n má fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà ìgbáradì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Scotland àtijọ́, tó jáde lọ́dún 2019, rí i pé àrùn tó ń jẹ ọpọlọ run pa wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, mi ò fi dẹ́rù ba òbí kankan. Ẹ sì jẹ́ kó yé wa pé ọmọ Nàìjíríà, Dókítà Bennet Omalu tó kàwé ní Nsukka, ló rí irú àrùn yìí nínú ọpọlọ Mike Webster, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, tó kú lọ́dún 2002. Ilé wa ni ẹni tó la ojú ayé sí i ti jáde.

Àwọn ọmọ kékeré wa ṣì ń kan bọ́ọ̀lù size 5 tí wọ́n fẹ́ títí tó fi le koránkorán. 410 sí 450 gíráàmù nìyẹn, bọ́ọ̀lù àgbàlagbà. Size 4 ló tọ́ sí ọmọ ọdún 8 sí 12.

9. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Mi ò ní kí ẹ dá bọ́ọ̀lù dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí òfin ìdíje kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ tí a bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì á jáde, kò sì ní padà lọ́jọ́ náà. Kóòṣì kò lè dá a padà, bàbá rẹ̀ kò lè dá a padà, Alága kò lè dá a padà.

Kí ẹgbẹ́ tó yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láìkà á mọ́ iye ìpààrọ̀ tí wọ́n ní. Mo mọ̀ pé ibí ni bàtà ti ń ta àwọn kóòṣì lẹ́sẹ̀: ó ti lo ìpààrọ̀ rẹ̀ tán, ọmọ fi orí gbá, kò fẹ́ ku mẹ́wàá. Òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti yanjú rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024 ni ìdíje èyíkéyìí ti lè fàyè gba ìpààrọ̀ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nítorí ọpọlọ mímì, kí ẹgbẹ́ kejì náà sì rí àfikún kan gbà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹnì kan tí kò ní ẹgbẹ́ nínú eré náà máa wà lẹ́bàá pápá, kó láṣẹ láti pe ọmọ jáde. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan ti ṣetán láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì kọ́ àwọn kóòṣì yín ní ọ̀sán kan ṣoṣo kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ pe òbí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fún un ní ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá tí àmì ewu wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́. Kó rọra sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kó dín wíwo fóònù kù, kó padà sí ilé-ìwé kó tó padà sí pápá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, láti rírìn sí sísáré, láti sísáré sí ìgbáradì, kó má sì gbá ìdíje kó tó pé ọjọ́ 21, bí wọ́n ṣe fi lélẹ̀ fún eré ìdárayá àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023.

Kí ẹ ní ọkọ̀ kan nílẹ̀ lọ́jọ́ eré, kí gbogbo kóòṣì mọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 àti 112, lórí. Gbogbo wa mọ bí ọ̀nà Mile 12 ṣe ń rí nírọ̀lẹ́ Sátidé. Bó bá di dandan kí wọ́n gbé ọmọ dé Ìkẹjà, ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kí a máa wá ẹni tó ní ọkọ̀.

Mo ń retí ìdáhùn yín kí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tó jáde. Bí òfin àkọ́kọ́ yẹn kò bá sí nínú rẹ̀, ọmọ mi kò ní wọ jẹ́sì ìdíje yín. Àwọn òbí mìíràn tí a jọ wá sí ìpàdé náà ti ní bákan náà ni tiwọn.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan, ìyá agbábọ́ọ̀lù,
Ìkòròdú.